Carthage, Ìlú tí Àwọn Ọ̀tá Rẹ̀ Kọ Ìtàn Rẹ̀

Ẹni tí ó bá lọ sí Carthage fún ìgbà àkọ́kọ́ lè wà nínú ìlú náà fún wákàtí kan kí ó má mọ̀ pé òun ti dé ibẹ̀. Láti Túnísì, olú-ìlú Túnísíà, ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 15 lọ. Ojú irin kékeré kan gba orí adágún omi kọjá dé ibẹ̀, orúkọ àwọn ibùdó rẹ̀ sì tó láti mú orí ẹni tí ó fẹ́ràn ìtàn wú: ọ̀kan ń jẹ́ Carthage Hannibal, òmíràn ń jẹ́ Carthage Byrsa, òmíràn Carthage Amilcar. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá sọ̀kalẹ̀, ilé àwọn olówó ni yóò rí, tí a kùn ní funfun, tí òdòdó ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lára ògiri wọn. Kò sí odi, kò sí ẹnubodè. Àwókù ìlú àtijọ́ náà fọ́n káàkiri sáàárín ilé àwọn alààyè: díẹ̀ lórí òkè, díẹ̀ létí òkun, díẹ̀ lẹ́yìn ọgbà onílé.

Ibi tí a sábà máa ń kọ́kọ́ mú àlejò lọ ni ilé ìwẹ̀ ńlá tí ó wà létí òkun, èyí tí a kọ́ ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Kristi, tí a sì fi orúkọ Ọba Antoninus pè. Òkè Zaghouan ni omi tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ti wá, ó sì gba ojú ọ̀nà omi olókùúta tí ó gùn ju kìlómítà 100 lọ. Ohun tí ó ṣẹ́kù kì í ṣe gbọ̀ngàn ìwẹ̀ fúnra rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń kó igi, tí wọ́n ti ń dáná. Bí ìsàlẹ̀ ilé bá tóbi tó báyìí, báwo ni òkè rẹ̀ yóò ti rí? Ẹnu yóò ya àlejò, yóò ya àwòrán, yóò sì wí pé òun ti rí Carthage. Kò tíì rí i. Ìlú Róòmù ni ó rí, èyí tí àwọn tí ó pa Carthage run kọ́ sórí òkú rẹ̀.

Àwọn Fòníṣíà, oníṣòwò orí omi tí wọ́n ti Tírè wá, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Lẹ́bánónì lónìí, ni ó tẹ Carthage dó. Ìtàn àbáláyé fi ìgbà náà sí ọdún 814 ṣáájú ìbí Kristi. Qart Hadasht ni wọ́n sọ ọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni Ìlú Titun. Wọ́n ní ọmọ ọba obìnrin kan, Elissa, tí àwọn ará Róòmù ń pè ní Dido, ni ó sá fún arákùnrin rẹ̀ tí ó pa ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ó gúnlẹ̀, ó tọrọ ilẹ̀ tí kò ju èyí tí awọ màlúù kan lè gbà lọ. Àwọn onílẹ̀ gbà fún un. Ó gé awọ náà ní fọ́nrán fọ́nrán, ó so ó mọ́ra, ó sì fi yí odidi òkè kan po. Òkè náà ni Byrsa. Ìtàn yìí dùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣàkíyèsí ohun kan nínú rẹ̀: èdè Gíríkì ni byrsa ti ń jẹ́ awọ, kì í ṣe èdè àwọn tí ó ni ìlú. Àní ìtàn ìtẹ̀dó wọn pàápàá, ẹnu ará ìta ni a ti gbọ́ ọ.

Ìlú Titun yìí di alágbára lórí òkun. Ọkọ̀ rẹ̀ ń kó ọjà lọ sí Sísílì, Sadíníà àti Sípéènì. Nígbà tí Róòmù náà dàgbà ní òdìkejì omi, ọ̀rọ̀ di ti àgbò méjì tí kì í mumi nínú koto kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n jagun: láti ọdún 264 sí 241, láti 218 sí 201, àti láti 149 sí 146 ṣáájú ìbí Kristi. Nínú ogun kejì ni Hannibal kó ọmọ ogun àti erin gba orí òkè Alps já sí Ítálì, tí ó sì wà lórí ilẹ̀ ọ̀tá fún nǹkan bí ọdún 15. Scipio ṣẹ́gun rẹ̀ ní Zama ní ọdún 202. Róòmù bu owó ìtánràn tí Carthage yóò fi 50 ọdún san, síbẹ̀ ẹ̀rù Carthage kò kúrò lára Róòmù. Wọ́n ní Cato Àgbà mú èso ọ̀pọ̀tọ́ tútù wọ inú ìgbìmọ̀ àwọn àgbà Róòmù, ó ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n ti já a ní Carthage. Ohun tí ó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni pé ọ̀tá kò jìnnà.

Bí ogun kẹta ti bẹ̀rẹ̀, Róòmù ní kí wọ́n kó ohun ìjà wọn sílẹ̀. Wọ́n kó o sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó wá ní kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀, kí wọ́n lọ tẹ̀dó sínú ilẹ̀, níbi tí ó jìnnà sí òkun. Èyí ni wọn kò lè gbà, nítorí òkun ni oko wọn. Ọdún mẹ́ta ni ogun fi dó tì wọ́n. Nígbà tí Scipio Aemilianus wọlé ní ọdún 146, ọjọ́ mẹ́fà, tọ̀sán tòru, ni wọ́n fi jà láti ilé dé ilé títí dé orí Byrsa. Àwọn tí ó jáde láàyè tó nǹkan bí 50,000, oko ẹrú sì ni wọ́n kó wọn lọ. Polybius, òpìtàn ará Gíríkì, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Scipio bí ìlú náà ti ń jó. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé Scipio sunkún, pé ó ń ro ọjọ́ tí irú rẹ̀ lè dé bá Róòmù. Ó sunkún, ṣùgbọ́n kò ní kí wọ́n pa iná náà.

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nínú ẹjọ́ Carthage, apá kan ṣoṣo ni ó rojọ́ fún wa: Polybius, Livy, Appian, gbogbo wọn ni ará Gíríkì tàbí ará Róòmù. Kì í ṣe pé àwọn ará Carthage kò mọ̀wé. Wọ́n ní ibi ìkówèésí. Nígbà tí ìlú wó, àwọn àgbà Róòmù fi àwọn ìwé náà ta àwọn ọba kéékèèké ilẹ̀ Áfíríkà lọ́rẹ, àfi iṣẹ́ kan ṣoṣo: ìwé 28 tí Mago kọ lórí iṣẹ́ àgbẹ̀. Èyí ni wọ́n ní kí a túmọ̀ sí èdè Látìnì. Ohun tí yóò ṣe oko wọn láǹfààní, wọ́n mú un; ohun tí ó jẹ́ ìrántí ẹlòmíràn, wọ́n fi tọrẹ. Ìwé Mago náà sì ti sọnù, bí kò ṣe ìwọ̀nba tí àwọn mìíràn yọ lò nínú ìwé tiwọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òkúta olórúkọ ni ó kù fún wa ní èdè Púníkì, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì sọ ju orúkọ ẹni tí ó jẹ́jẹ̀ẹ́ àti orúkọ òrìṣà rẹ̀, Tanit àti Baal Hammon.

Nítorí náà, ó yẹ kí àlejò fi sùúrù gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ fún un ní Salammbô, níbi tí a ti rí ilẹ̀ ìsìnkú kan ní ọdún 1921, tí ó kún fún ìkòkò eérú àti egungun ọmọdé àti ti ẹran kéékèèké. Àwọn òǹkọ̀wé Gíríkì àti Róòmù sọ pé Carthage a máa fi ọmọ rúbọ. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé ibẹ̀ ni ẹ̀rí wà. Àwọn mìíràn ní ọmọ tí ikú òjijì pa ni wọ́n sin síbẹ̀. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí. Ti iyọ̀ tí wọ́n ní Róòmù fọ́n sórí ilẹ̀ kí nǹkan má baà hù mọ́, èyí kò sí nínú ìwé òpìtàn àtijọ́ kankan. Àwọn òǹkọ̀wé ayé òde òní ni ó fi kún un.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀tá ni irọ́. Adágún kékeré méjì wà nítòsí Salammbô tí àlejò lè rò pé ibi ìpẹja lásán ni. Appian kọ̀wé pé èbúté ológun Carthage rí roboto, erékùṣù wà láàárín rẹ̀, àyè ọkọ̀ ogun 220 sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣiyèméjì, nítorí omi náà kéré lójú. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn gbẹ́ ibẹ̀ láti àwọn ọdún 1970, nínú iṣẹ́ tí àjọ UNESCO pe ayé sí, wọ́n bá ìpìlẹ̀ àwọn àgọ́ ọkọ̀ náà lórí erékùṣù.

Ibi tí Carthage ti sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ jù lọ ni ẹ̀gbẹ́ òkè Byrsa. Nígbà tí Ọba Augustus tún ìlú kọ́, àwọn ará Róòmù bẹ́ orí òkè náà kí ó lè tẹ́jú fún ilé ọlá wọn, wọ́n sì da erùpẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Wọn kò mọ̀ pé àwọn ń bo àdúgbò kan tí iná jó kù. Nǹkan bí 2,000 ọdún ni erùpẹ̀ náà fi ṣọ́ ọ. Àwọn awalẹ̀pìtàn Faransé ni ó hú u jáde. Àwọn ilé náà kò tóbi. Òpópónà wọn tọ́, ó ní àtẹ̀gùn níbi tí òkè ti ga. Abẹ́ ilé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbẹ́ ihò sí fún ìtọ́jú omi òjò. Ibi tí ènìyàn ń sùn, tí ó ń sè, tí ó ń tajà, ni. Kò sí ohun tí ó lè ya aláìmọ̀kan lẹ́nu níbẹ̀. Lórí òkè gan-an, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí àwọn Faransé kọ́ láàárín ọdún 1884 sí 1890 ni ó dúró, nígbà tí àwọn náà ń ṣàkóso ilẹ̀ náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò gbọdọ̀ rò pé àwọn ènìyàn náà tán pátápátá ní ọdún 146. Carthage ti Róòmù di ìlú àwọn ọmọ Áfíríkà. Tertullian gbé ibẹ̀, Cyprian ṣe bíṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, Augustine sì lọ kàwé níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 371 lẹ́yìn ìbí Kristi. Nígbà tí Augustine di bíṣọ́ọ̀bù ní Hippo, ó ṣì ní láti wá ẹni tí ó gbọ́ èdè Púníkì fún ìlú kan tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ti ju 500 ọdún lọ tí iná ti jó, àwọn àgbẹ̀ sì ń sọ èdè náà nínú oko. Àwọn Lárúbáwá gba ìlú náà ní ọdún 698, a sì ń ṣa òkúta rẹ̀ lọ kọ́ ilé ní Túnísì àti ní àwọn ibòmíràn.

Ní ọdún 1985, àwọn olórí ìjọba ìlú Róòmù àti ti Carthage fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà, nǹkan bí ọdún 2,130 lẹ́yìn tí ogun parí. Ó dára bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kò sí níbẹ̀ láti fọwọ́ sí i. Ẹ̀tọ́ tí àlejò lè ṣe fún wọn kò pọ̀. Kí ó gun Byrsa láàárọ̀, kí ó rìn ní òpópónà àwọn ilé kéékèèké náà, kí ó bẹjú wo ihò omi wọn. Kí ó lọ jókòó díẹ̀ létí èbúté roboto nì. Bí ilẹ̀ bá wá fẹ́ máa ṣú, kí ó lọ wo ilé ìwẹ̀.