Teslim Balogun: Ohun tí Ìwé Gbà àti Ohun tí Ẹnu Gbà



Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa eré ìdárayá ní ìlú yìí kò ní láti tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Oríkì wa ni ó fi ìjàkadì ṣe orò wa, kò sì sí ibi tí a dé ní ilẹ̀ Yorùbá tí wọn kò fi í mọ̀ wá. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá béèrè pé ta ni ó dá ta, ní ọdún wo, ní gbàgede ta ni, oríkì kò ní dá a lóhùn. Iṣẹ́ tirẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ìwúrí ni oríkì ń gbà pa mọ́. Kò gba òǹkà. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń fi èyí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn títí di ìgbà tí mo gbìyànjú láti kọ ìtàn ọkùnrin kan tí kì í ṣe ọmọ Ọ̀fà, tí kò sì ja ìjàkadì. Teslim Balogun ni ọkùnrin náà, ọmọ Èkó, agbábọ́ọ̀lù tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Thunder, èyíinì ni Ààrá.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yà wo bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń tọ́jú ìtàn àwọn eléré tiwọn. Abúlé kan wà ní Yorkshire tí a ń pè ní Kirkheaton. Níbẹ̀ ni a bí George Hirst àti Wilfred Rhodes, àwọn méjèèjì sì gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún Yorkshire ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Nínú eré yìí, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó mọ igi lò láti fi gbá bọ́ọ̀lù, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó mọ bọ́ọ̀lù jù láti fi lé ẹlòmíràn kúrò ní ìdí igi. Àwọn méjì yìí mọ iṣẹ́ méjèèjì. Ní ọdún 1906 nìkan, Hirst kó àmì-ayò 2,385 jọ, ó sì lé ènìyàn 208 kúrò; kò tí ì sí ẹlòmíràn tí ó gba ẹgbàá àmì-ayò, tí ó sì lé igba ènìyàn, nínú sáà kan ṣoṣo. Ti Rhodes tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọdún 1898 títí di 1930 ni ó fi gbá a. Ìwé kan sọ pé ènìyàn 4,187 ni ó lé kúrò, ìwé mìíràn sọ pé 4,204 ni. Ẹ wo àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ń jiyàn lórí ènìyàn mẹ́tàdínlógún! Nígbà tí Rhodes darúgbó, ojú rẹ̀ fọ́, síbẹ̀ kò yé wá sí pápá. Ìró bọ́ọ̀lù lára igi ni ó fi ń tẹ̀ lé eré. Ẹni tí ìwé ti ka gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ tán wá di ẹni tí ń fi etí wòran.

Inú irú ìwé báyìí ni Balogun bọ́ sí nígbà tí ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé náà kò sì mọ̀ ju ohun tí ó ṣojú rẹ̀ lọ. Ó kọ ọ́ pé a bí i ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 1931. Ó tún kọ ọ́ pé ní sáà 1956 sí 1957, ó gbá bọ́ọ̀lù ìgbà mẹ́tàlá nínú líìgì fún Queens Park Rangers, ẹgbẹ́ kan ní London tí ó wà ní ipele kẹta nígbà náà, ó sì gbá góòlù mẹ́ta wọlé. Ó parí. Ọmọdé tí ó bá ka ìlà yìí yóò rò pé ọkùnrin kan tí kò rọ́wọ́ mú ni.

Ṣùgbọ́n Balogun ti di ìlú-mọ̀ọ́ká kí ó tó rí Queens Park Rangers. Ní àkókò rẹ̀ nílé, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù: Reluwé ní tirẹ̀, Marine ní tirẹ̀, UAC ní tirẹ̀. Láàrin irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1949, ó wà lára àwọn méjìdínlógún tí ọkọ̀ MV Apapa gbé láti Èkó lọ sí Liverpool, Etim Henshaw ni olórí wọn. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì fi báńdéèjì di ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n fi góòlù márùn-ún sí méjì na ẹgbẹ́ Marine ti Crosby ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́. Nínú mẹ́sàn-án tí wọ́n gbá, wọ́n borí nínú méjì, wọ́n ta ọ̀mì méjì, wọ́n sì fìdí rẹmi nínú márùn-ún. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, wọ́n na Sierra Leone ní góòlù méjì sí òdo ní Freetown, ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá. Èyí ni a kà sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ Nàìjíríà pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn.

Ọdún 1955 ni Balogun tó padà lọ, sí Peterborough United, lọ́dọ̀ George Swindin tí ó ti jẹ́ aṣọ́lé Arsenal rí. Peterborough kò sì wọ líìgì ńlá títí di ọdún 1960, nítorí náà ohun tí ó ṣe níbẹ̀ kò sí nínú òǹkà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi kún un pé ní ayé ìgbà náà kò sí pààrọ̀-pààrọ̀ láàrin eré: ẹni mọ́kànlá tí ó bẹ̀rẹ̀ ni yóò parí rẹ̀, ìyókù a máa wòran. Ní tèmi, mẹ́tàlá yẹn kì í ṣe ohun ìtìjú.

Ẹnu ní tirẹ̀ gba nǹkan mìíràn. Bàbá mi, tí kò ka ìwé bọ́ọ̀lù kankan rí, a máa sọ fún wa pé bọ́ọ̀lù Balogun ya àwọ̀n. Pé aṣọ́lé tí ó gbá a mú bá bọ́ọ̀lù wọlé ni. Pé rẹfirí so aṣọ pupa mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kí ó má bàa fi pa ènìyàn. Mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Nígbà tí mo dàgbà ni mo gbọ́ nípa aṣọ pupa yìí kan náà lẹ́sẹ̀ agbábọ́ọ̀lù mìíràn, ní ìlú mìíràn. Àlọ́ tí ń rin ìrìn àjò ni. N kò pè é ní irọ́. Bí oríkì ti ń ṣe ni ó ṣe, ó mú orúkọ kan, Ààrá, ó sì wá iṣẹ́ tí ó bá orúkọ náà mu.

Ohun tí ó ń dùn mí ni èyí tí ó jábọ́ sí àárín méjèèjì. Balogun kọ́ṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a sì kà á sí ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà. Ó padà wálé, ó sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò tẹ̀ lé e dé ibẹ̀. Ẹnu náà kò tẹ̀ lé e, nítorí kò sí ààrá nínú kí a máa kọ́ ọmọdé bí a ti ń dá bọ́ọ̀lù dúró. Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù keje ọdún 1972 ni ó kú. Pápá ìṣeré tí a fi orúkọ rẹ̀ pè ní Surulere bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1984, ó sì di ọdún 2007 kí a tó parí rẹ̀. 24,325 ènìyàn ni ó lè gbà.

Ní ọdún 1996, mo lọ bá bàbá àgbà kan ní ìlú Ọ̀fà yìí, òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì Reluwé, kí n lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìjàkadì. Ó sọ ọ́ fún wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni ó ní òun wo Balogun ní pápá King George V ní Èkó, nígbà tí òun ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kàsẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni ó kù mí kù, oríkì ni mo sì bá wá, nítorí náà mo pa ẹ̀rọ náà. Bàbá dìde lórí àga, ó fọwọ́ di ògiri mú, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ hàn mí bí Balogun ti ń dúró kí ó tó gbá a. Ẹsẹ̀ wo ni ó fi tẹlẹ̀, ibo ni ó kọ ẹ̀yìn sí, n kò rántí mọ́. Bàbá náà sì ti di èrò ọ̀run.