Jígí ojú, láti òfin 1989 dé Kétu

Ọdún 1989 ni ìjọba ológun Ibrahim Babangida ṣe òfin kan, Decree 34, tó dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti máa forúkọ optometrist àti dispensing optician sílẹ̀. Optometrist ló ń yẹ ojú wò, tó ń kọ nọ́ńbà jígí sínú ìwé. Optician ló ń ṣe jígí náà bá ìwé mu, tó ń tò ó sínú férémù. Dókítà ojú gan-an ló ń ṣiṣẹ́ abẹ. Lẹ́nu tiwa, "dókítà ojú" ni gbogbo wọn, títí kan ẹni tó kàn ń ta férémù!

Nígbà tí Bọ́lá Ahmed Tinúbú wá ń ṣe gómìnà Èkó (1999 sí 2007), ìjọba rẹ̀ ń yẹ ojú aráàlú wò lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń pín jígí. Jígí Bọ́lá ni wọ́n pè é. Ètò tó dáa ni, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Àmọ́ lójú tèmi, jígí la rántí, a gbàgbé àyẹ̀wò tó ṣáájú rẹ̀. A wá ń mú jígí bí ẹni mú bàtà: èyí tó bá ṣáà ti bá a mu.

Ẹ dé Kétu tàbí Máìlì 12, ẹ ó rí àwọn tó ń kiri ẹ̀. Ìyá ọlọ́jà tó ti lé ní ogójì ọdún á gbé ọ̀kan sójú, á wo fóònù rẹ̀, ó parí. Ìyẹn lè ṣe é lóore, torí ohun tó wà nítòsí ni ojú àgbà kì í rí dáadáa mọ́. Tọmọ ńkọ́? Ọmọ tí ò rí pátákó láti ẹ̀yìn kíláàsì, òdì-kejì jígí yẹn ló sábà máa ń nílò. Kí wọ́n tó mọ̀, tíṣà ti ń pè é lólódo.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ọmọ tí ojú rẹ̀ kan dáa, tí èkejì ò ríran tó. Ọpọlọ á pa èyí tí ò dáa tì, ọmọ ò sì ní sunkún, ṣebí ó ń ríran. Kó tó pé ọmọ ọdún méje ni ìtọ́jú rẹ̀ máa ń rọrùn jù. Ẹ bo ojú rẹ̀ kan, kó sọ ohun tó rí, kẹ́ ẹ tún bo èkejì. Tí nǹkan funfun bá wà láàárín ẹyinjú, tàbí tójú kan ń wo ibí, tí èkejì ń wo ọ̀hún, ẹ má yà ní ṣọ́ọ̀bù jígí rárá. Guinness Eye Centre wà ní LUTH, Ìdí-Àràbà.

Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ gbé Jígí Bọ́lá 2.0 dìde. Wọ́n ní mílíọ̀nù 5 jígí làwọn fẹ́ pín. Mélòó nínú ẹ̀ ló máa jẹ́ ti ọmọdé tí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò dáadáa?