Ìlànà àgbékalẹ̀ dáradára: ohun tí Niamey fi hàn

Àgbékalẹ̀ ni ìpinnu tí ènìyàn ṣe nípa bí nǹkan yóò ṣe rí, ibi tí yóò wà, ohun tí a ó fi ṣe é, àti bí ẹni tó ni ín yóò ṣe máa lò ó. Ilẹ̀kùn ní in, ọjà ní in, fóònù ní in, odindi ìlú pàápàá ní in. Èyí tó dára nínú rẹ̀ máa ń jẹ́ kí olùlò mọ ohun tó kàn láìbi ẹnikẹ́ni, kì í ni ín lára, kì í sì í gbọ́n àpò rẹ̀ gbẹ. Apá kan nínú àwọn ìlànà rẹ̀ wá láti inú bí ojú, ìrántí, ìtìjú àti ìgbéraga ẹ̀dá ṣe ń ṣiṣẹ́. Apá kejì wá láti inú ohun tí ojú ọjọ́, ilẹ̀, owó àti ọwọ́ oníṣẹ́ gbà láyè. Ní Niamey, olú-ìlú Nìjẹ̀r tó wà létí Odò Ọya, apá méjèèjì pàdé ní gbangba, nítorí oòrùn ibẹ̀ kì í bá ẹnikẹ́ni bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Tó bá di oṣù Kẹrin, ooru ọ̀sán a máa kọjá ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Kí a tó sọ ti ilé, ó yẹ kí a mọ̀ pé ìlú fúnra rẹ̀ jẹ́ àgbékalẹ̀. Nígbà tí àwọn Faransé gbé olú-ìlú kúrò ní Zinder wá sí Niamey ní 1926, àfonífojì Gounti Yéna ni wọ́n fi ya àdúgbò àwọn òyìnbó kúrò lára ti àwọn ọmọ ilẹ̀. Wọn kò mọ odi, síbẹ̀ oníkálùkù mọ ibi tí òun kò gbọdọ̀ rìn kọjá. Bí a bá ń wá ẹ̀rí pé àgbékalẹ̀ lè dá ọkàn ènìyàn lẹ́kun láìsọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì náà tún wà níbẹ̀. Ògiri amọ̀ tó nípọn máa ń pẹ́ kó tó gba ooru wọlé, ilẹ̀ a sì ti ń ṣú kí ooru náà tó dé inú yàrá. Ògiri búlọ́ọ̀kù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò ní sùúrù bẹ́ẹ̀, páànù orí rẹ̀ sì tètè ń gbóná. Síbẹ̀ ilé búlọ́ọ̀kù ló di àmì pé ènìyàn ti rí jájẹ ní Niamey, bó ti rí ní Ìbàdàn àti Ìlọrin. Ẹni tó bá fi òmùgọ̀ pe àwọn tó yàn án kò mọ ẹ̀dá. Donald Norman, onímọ̀ ìrònú ọmọ Amẹ́ríkà, ṣàlàyé nínú ìwé kan tó jáde ní 2004 pé ìpele mẹ́ta ni a fi ń fẹ́ràn nǹkan: bó ṣe rí lójú, bó ṣe rọrùn lọ́wọ́, àti ohun tó ń sọ nípa wa fún àwọn tó ń wò wá. Ilé amọ̀ borí ní ìpele kejì, ó sì ń ṣubú ní ìkẹta. Ayàwòrán-ilé tó bá fẹ́ dá a padà sí ìgboro gbọ́dọ̀ fi ẹwà wá iyì fún un. Ìwàásù nípa àṣà kò lè ṣe é.

Ohun tí àwọn tó kọ́ Niamey 2000 ṣe nìyẹn. Ilé ìdílé mẹ́fà ni, tí iṣẹ́ rẹ̀ parí ní 2016. Ẹgbẹ́ united4design ló gbé e kalẹ̀: Mariam Issoufou Kamara, Yasaman Esmaili, Elizabeth Golden àti Philip Sträter. Bíríkì ilẹ̀ tí a tẹ̀ pọ̀ tí a kò sun níná ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n sì gbé àwọn ilé náà lé ara wọn bíi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Timbuktu, Kano àti Zinder àtijọ́ ni wọ́n wò, níbi tí ilé ti fara ti ilé kí òyìnbó tó dé. Ẹni tó bá rí i kò ní pè é ní ilé tálákà. Mo ka ìyẹn sí àṣeyọrí tó tóbi ju bó ṣe ń dín ooru kù lọ.

Ìlànà tó gbajúmọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ yìí ni pé kí nǹkan fúnra rẹ̀ sọ ohun tí a lè fi í ṣe. James Gibson, ará Amẹ́ríkà, ló ṣàlàyé èrò yìí ní kíkún nínú ìwé rẹ̀ ti 1979, lórí bí ojú ẹ̀dá ṣe ń rí ayé. Ìwé tí Norman kọ ní 1988 ló sì gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ àgbékalẹ̀. Irin pẹlẹbẹ lára ilẹ̀kùn ń sọ pé kí a tì í, ọwọ́ ilẹ̀kùn ń sọ pé kí a fà á. Tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ń ṣi ilẹ̀kùn kan náà lò, Norman ní ilẹ̀kùn ni kí a bá wí. Níwájú ilé àwọn Hausa, pẹpẹ amọ̀ tí wọ́n ń pè ní dakali máa ń wà lára ògiri. Ẹni tó bá mọ pẹpẹ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa àtijọ́ ti mọ̀ ọ́n. Kò sí àkọlé níbẹ̀. Gíga rẹ̀ ló bá orúnkún mu, òjìji ilé ló bò ó, àlejò á sì jókòó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni zaure, yàrá àbáwọlé tí ojú ẹni tó ń bọ̀ kì í ti í já sí àgbàlá tí àwọn obìnrin wà. Pẹpẹ àti zaure nìkan ti yanjú ọ̀rọ̀ ọ̀yàyà àti ti àṣírí nínú ilé kan.

Àmọ́ àwọn ọkùnrin ló ń jókòó síta jù. Ní Niamey, àwọn ọ̀dọ́kùnrin máa ń kó ara wọn jọ sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n á sè tíì, wọ́n á tàkúrọ̀sọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Fada ni wọ́n ń pè é. Ta ló pèsè tiwọn fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin? Kamara gbé ìbéèrè yìí yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ ìwádìí tó fi gboyè ní Yunifásítì Washington. Ó rí i pé ìrìn ni àwọn ọmọbìnrin fi ń gbádùn ìta: wọ́n ń sin ara wọn lọ sílé, wọ́n ń jẹ́ iṣẹ́ tí kò kánjú, nítorí ẹni tó ń rìn kò ṣeé bi pé kí ló ń ṣe níta. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó ní òjìji ló wá di ohun tí ó yẹ kí a kọ́ fún wọn, kì í ṣe àga. Bí ó bá jẹ́ pé ìbéèrè lásán ló bi wọ́n, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ì bá dáhùn bẹ́ẹ̀. Àkíyèsí ló rí i.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni Kamara kọ́kọ́ kọ́ kó tó bọ́ sí ti ilé, ó sì dá ilé iṣẹ́ atelier masōmī sílẹ̀ ní 2014. Ọ̀nà méjèèjì kò jìnnà síra, nítorí ọkàn ẹ̀dá kan náà ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. Ní 1952, William Hick, onímọ̀ ìrònú, fi hàn pé bí ohun tí a ó yàn bá ṣe pọ̀ tó ni yíyàn ṣe ń pẹ́ tó. Ní 1956, George Miller tí òun náà jẹ́ onímọ̀ ìrònú kọ̀wé pé nǹkan bíi méje ni ìrántí ojú ẹsẹ̀ lè dì mú. Ìdí nìyí tí ọjà fi ń ní ìsọ̀: aláṣọ níhìn-ín, ẹlẹ́ran lọ́hùn-ún. Ní Dandaji, abúlé kan ní ẹkùn Tahoua, atelier masōmī parí ọjà tuntun ní 2018. Bíríkì ilẹ̀ ni ìsọ̀ rẹ̀, irin àtúnlò ni ìborí rẹ̀, aláwọ̀ oríṣiríṣi, èyí ga, èyí rẹlẹ̀, kí atẹ́gùn lè ráyè kọjá. Igi kì í tètè hù níbẹ̀, irin aláwọ̀ wọ̀nyí ló ń ṣe iṣẹ́ òjìji rẹ̀. Igi àtayébáyé tí ọjà ti wà yí ká tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì tún fi ṣe àárín.

Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè tó wà ní Niamey, tó ń jẹ́ orúkọ Boubou Hama lónìí, ti mọ díẹ̀ nínú èyí ṣáájú. Boubou Hama ló dá a sílẹ̀, Pablo Toucet ará Sípéènì ni olùtọ́jú rẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá 1959. Dípò ilé ńlá kan tó ń dẹ́rù bani, ilé kéékèèké bíi ti Hausa ni wọ́n tẹ́ sínú ọgbà, pẹ̀lú àwọn ẹranko, àwòṣe ilé oríṣiríṣi ẹ̀yà, àti àwọn oníṣẹ́ awọ àti fàdákà tí ń ṣiṣẹ́ lójú ènìyàn. Ẹni tí kò mọ̀wé kò ní láti ka ohunkóhun kó tó gbádùn ibẹ̀. 

Ìlànà tí àwọn ìwé òkè òkun kì í sábà sọ ni ti àtúnṣe. Lára ilé gogoro mọ́sálásí ìlú Agadez ní Nìjẹ̀r, tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ní 1515, àwọn igi yọrí síta láti ìsàlẹ̀ dókè. Orí wọn ni àwọn tó ń rẹ́ ògiri ń gùn. Ẹni tó kọ́ ọ ti ro ọwọ́ tí yóò tún un ṣe mọ́ ọn. Irú ọwọ́ ará ìlú bẹ́ẹ̀ lè kọ́ ohun ńlá pẹ̀lú: ní abúlé Yaama ní Nìjẹ̀r, Falké Barmou tó jẹ́ àgbẹ̀ tó tún ń mọlé ló darí kíkọ́ mọ́sálásí amọ̀ tó gba ẹ̀bùn Aga Khan fún iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní 1986.

Amọ̀ ní àìlera tirẹ̀. Nígbà tí Odò Ọya kún bolẹ̀ ní 2020, ọ̀pọ̀ ilé amọ̀ wó ní Niamey. Omi kò wó wọn tìtorí pé wọ́n jẹ́ amọ̀ nìkan. Ibi tí wọ́n wà àti ìpìlẹ̀ wọn wà lára ẹ̀sùn náà. Nígbà tí Kamara àti Esmaili sọ ògbólógbòó mọ́sálásí Dandaji di ilé ìkàwé, tí wọ́n sì kọ́ mọ́sálásí tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn bírìkìlà tó mọ tàtijọ́ ni wọ́n pè padà, wọ́n sì kọ́ wọn ní ohun tí a lè pò mọ́ amọ̀ kí òjò má baà tètè jẹ ẹ́. Iṣẹ́ náà parí ní 2018. Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni bírìkìlà Niamey tí ń kọ́lé fún ẹni tí kò lówó ayàwòrán-ilé ń fẹ́, pẹ̀lú ẹni tí yóò bá a wo ilẹ̀ kó tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀.