Ta Ló Ni Owó Kòkó?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi yín lónìí. Bí àgbẹ̀ bá ṣán igbó, tó gbin kòkó sí i, tó dúró bí ọdún márùn-ún kí igi náà tó so dáadáa, tó ká a, tó là á, tó sá a sóòrùn, ta ló yẹ kó dá iye tí yóò tà á? Ẹ ó ní òun àti ẹni tó bá fẹ́ rà á ni. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá yìí, láti ìgbà ogun Hitler ní 1939 títí di 1986, ẹnìkẹta ló ń dá iye náà. Ẹnìkẹta ọ̀hún kò ní àdá, kò ní oko. Ìjọba ni.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí wá nítorí pé mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn, pàápàá nígbà tí owó kòkó bá já wálẹ̀, pé kí ìjọba dá Máàkẹ́tìn Bọ́ọ̀dù padà. Wọ́n á ní ayé bọ́ọ̀dù dára. Kí a tó pe òkú padà wá sílé, ó yẹ ká rántí ìwà tó hù kó tó kú.

Ta ló mú kòkó délẹ̀ wa?

Kì í ṣe ìjọba ló fi kòkó lé wa lọ́wọ́. Ní nǹkan bí 1880, Kápútéènì J. P. L. Davies, oníṣòwò kan ní Èkó tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, gbin kòkó sí oko rẹ̀ ní Ijọn lẹ́bàá Agége. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn bíi J. K. Coker, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú Ìjọ African Church, dá oko kòkó ńlá sí Agége. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wá láti òkè láti ṣe lébìrà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, wọ́n di kòkó mọ́ ẹrù wọn. Ẹni tó gbìn ín fi han ọmọ ìyá rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ fi han àna rẹ̀. Báyìí ni kòkó ṣe dé Ìbàdàn, Ìjẹ̀ṣà, Oǹdó àti Èkìtì.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn bí. Ní 1900, kòkó tó jáde láti Nàìjíríà kò ju nǹkan bí 200 tọ́ọ̀nù lọ. Nígbà tí yóò fi di 1939, ó ti lé ní 100,000 tọ́ọ̀nù. Ìjọba òyìnbó la ọ̀nà, wọ́n sì ṣe rélùwéè tó dé Ìbàdàn ní 1901. A ò lè fi ìyẹn dù wọ́n. Ṣùgbọ́n ajẹ́lẹ̀ kankan ò fi pàṣán lé baba wa lọ sí oko kòkó. Owó tí wọ́n rí lọ́wọ́ aládùúgbò wọn ló mú wọn wọgbó. Iye tí nǹkan ń tà lọ́jà ló bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbọ́.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́

N ò sọ pé ọjà ìgbà náà kò ní àléébù o. Ní 1937, àwọn kọ́ńpìnnì òyìnbó ńláńlá, UAC, John Holt, Cadbury àtàwọn mìíràn, gbìmọ̀ pọ̀. Wọ́n pín kòkó tí oníkálukú yóò rà láàárín ara wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà fi owó lé ti ẹnì kejì. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast, tí à ń pè ní Ghana lónìí, fárígá. Wọ́n kó kòkó wọn pamọ́ láti ìparí ọdún yẹn títí di oṣù kẹrin 1938. Wọn ò tà, wọn ò sì ra ọjà òyìnbó. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ìgbìmọ̀ Nowell wá wádìí ọ̀rọ̀ náà, ìgbìmọ̀ náà kò sì fara mọ́ àdéhùn àwọn kọ́ńpìnnì ọ̀hún.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọkàn sí ibí yìí. Ohun tí àwọn kọ́ńpìnnì yẹn ṣe kì í ṣe káràkátà. Káràkátà ni pé kí èmi fi ṣílè kan lé tìẹ kí àgbẹ̀ lè tà fún mi. Àwọn wọ̀nyí, ńṣe ni wọ́n pa káràkátà. Oògùn rẹ̀ ì bá jẹ́ kí ìjọba tú wọn ká, kí àwọn tó ń ra kòkó lè pọ̀ sí i. Kí ni ìjọba ṣe? Nígbà tí ogun dé ní 1939, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní òun nìkan ni yóò máa ra gbogbo kòkó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1940, wọ́n dá bọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún un. Àwọn kọ́ńpìnnì àná náà ni wọ́n sì ní kó máa bá wọn rà á, wọ́n pín in fún wọn bí oníkálukú ṣe ń rà á sí ṣáájú ogun. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní kọ̀rọ̀ ní 1937 wá di òfin.

Lóòótọ́, nígbà ogun, ọkọ̀ ojú omi ṣọ̀wọ́n, ẹni tó bá ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ nígbà náà ṣe é lóore. Ṣùgbọ́n ogun parí ní 1945. Bọ́ọ̀dù kò parí.

Owó tí wọ́n ní àwọn ń bá wa tọ́jú

Ní 1947, Nàìjíríà ní bọ́ọ̀dù kòkó tirẹ̀. Àlàyé tí wọ́n ṣe dùn létí. Wọ́n ní ọjà àgbáyé a máa gòkè, a sì máa sọ̀ kalẹ̀. Bó bá gòkè, àwọn á yọ díẹ̀ pamọ́ nínú owó àgbẹ̀. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, àwọn á mú nínú owó ìpamọ́ náà fi kún un fún un. Iye kan ṣoṣo ni wọ́n á kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kòkó, òun náà ni wọ́n á san fún gbogbo ayé. Ta ni kò ní fẹ́ irú èyí?

Ọjà gòkè lóòótọ́ lẹ́yìn ogun, ó gòkè títí. Bọ́ọ̀dù sì ń yọ tirẹ̀. Níbo ni owó náà wà? Púpọ̀ nínú rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fi yá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Àgbẹ̀ tí ilé alámọ̀ ni ó ń gbé ní Ìdànrè ń yá ọba òyìnbó lówó, kò sì mọ̀.

Ọkùnrin kan wà, Peter Bauer, ọmọ ilẹ̀ Hungary tó di olùkọ́ nípa ọrọ̀ ajé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ ìwé kan ní 1954 tó pè ní West African Trade. Ó ní èyí kì í ṣe ìfowópamọ́ rárá, owó orí ni, wọ́n kàn fún un lórúkọ mìíràn ni. Ní 1966, G. K. Helleiner náà ṣírò rẹ̀. Láàárín 1947 sí 1962, ohun tí bọ́ọ̀dù àti ìjọba yọ nínú owó tó tọ́ sí àgbẹ̀ kòkó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ.

Ní 1954, wọ́n pín bọ́ọ̀dù náà sí agbègbè-agbègbè. Ti Ìwọ̀-Oòrùn jogún ohun tó ju ọgbọ̀n mílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ. Ibẹ̀ ni gbogbo wa ti mọ ìtàn: ilé ìwé ọ̀fẹ́ ní 1955, tẹlifíṣọ̀n ní 1959, Ilé Kòkó tí wọ́n parí ní Dùgbẹ̀ ní 1965. Baba tó bí mi wà lára àwọn tó jẹ nínú ilé ìwé ọ̀fẹ́ ọ̀hún, n ò lè fi ẹnu mi bú u. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká pe nǹkan lórúkọ tó ń jẹ́. Ọ̀fẹ́ kọ́ ni. Baba baba mi ló san án, lórí òṣùwọ̀n kòkó, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Lọ́yà Ìbàdàn ní ọmọ nílé ìwé náà, oníṣòwò Èjìgbò ní ọmọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n olóko kòkó ló gbé èyí tó wúwo jù. Owó orí kò burú bí gbogbo wa bá jọ san án, tí oníkálukú sì mọ iye tó san. A kì í fárí lẹ́yìn olórí.

Ọjọ́ òjò dé, agboorùn kò sí

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá burú nìyí. Owó tó bá wà lójú kan, tí ẹni tó ni ín kò sí nítòsí, kò ní pẹ́ rí ẹni tí yóò bá a ná an. Ní 1962, ìgbìmọ̀ Adájọ́ Coker wádìí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Wọ́n rí i pé owó bọ́ọ̀dù ti gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sọ́dọ̀ kọ́ńpìnnì tó jẹ́ ti àwọn olóṣèlú, àti pé bọ́ọ̀dù tó jogún mílíọ̀nù rẹpẹtẹ ti ń jẹ báńkì ní gbèsè. Àwọn kan ní òṣèlú wà nínú ìwádìí náà, kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, owó kò sí níbi tí wọ́n fi í sí.

Nígbà tó di 1965, ọjà àgbáyé ṣubú. Ẹ rántí àdéhùn: irú ọjọ́ yìí gan-an ni wọ́n ní àwọn ń tọ́jú owó dè. Kí ló ṣẹlẹ̀? Lẹ́yìn ìbò oṣù kẹwàá ọdún náà, iye tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ já wálẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Odidi ọdún méjìdínlógún ni àgbẹ̀ fi ń dá owó ìpamọ́ náà. Ọjọ́ tí òjò rọ̀, wọn ò rí agboorùn náà mọ́.

Ohun tó tẹ̀ lé e, ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n. Ní oṣù kọkànlá 1968, àwọn àgbẹ̀ dìde lábẹ́ orúkọ Àgbẹ̀kọ̀yà. Tafa Adéoyè ti Akanran jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn. Wọ́n ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, ni àwọn lè san ní owó orí. Wọ́n tún ka ẹ̀sùn sí ọrùn àwọn tó ń yẹ kòkó wò, àti iye kékeré tí bọ́ọ̀dù ń san. Ẹ̀mí bọ́ níhà méjèèjì. Ní oṣù kẹsàn-án 1969, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi. Ìgbà tí Olóyè Awólọ́wọ̀ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ní oṣù kẹwàá ni ara tó rọ̀, ìjọba sì dín owó orí sí pọ́n-ùn méjì. Ẹni tó bá lè yan ẹni tí yóò tajà fún kì í sábà gbé ìbọn nítorí iye ọjà. Ó kàn máa ń gbé ọjà rẹ̀ kúrò níwájú ẹni tó ń rẹ́ ẹ jẹ ni.

Igi kòkó kì í jà, ṣùgbọ́n olóko lè fi í sílẹ̀

Àwọn mìíràn ò gbé ìbọn. Wọn ò tún oko ṣe mọ́ ni, wọn ò gbin tuntun. Ní ọdún kòkó 1970 sí 1971, Nàìjíríà kó ohun tó lé ní 300,000 tọ́ọ̀nù. Nígbà tí ọdún 1985 fi kọjá, kò tó ìdajì ìyẹn mọ́. Owó epo rọ̀bì tó fa àwọn ọ̀dọ́ lọ sí ìlú ńlá wà nínú ohun tó fà á, ọjọ́ ogbó àwọn igi náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lóko kòkó tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan?

Ghana ṣe irú èyí, tiwọn le jù bẹ́ẹ̀. Wọ́n kó ohun tó lé ní 550,000 tọ́ọ̀nù ní 1964 sí 1965. Ní 1983 sí 1984, ó ku nǹkan bí 159,000. Ìyókù ńkọ́? Oko ti kú, iná jó òmíràn, èyí tó ṣẹ́ kù sì ń gba inú igbó kọjá lóru lọ sí Tógò àti Ivory Coast, níbi tí owó gidi wà.

Ní 1986, ìjọba Ọ̀gágun Babangida tú àwọn bọ́ọ̀dù náà ká. Wọ́n dín agbára náírà kù lọ́dún kan náà. Kí ọdún mẹ́ta tó pé, iye tí àgbẹ̀ ń gbà ti lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Àwọn tó ti pa oko tì padà lọ ṣán igbó.

Ṣé gbogbo rẹ̀ dùn? Rárá o. Àwọn oníjìbìtì kan wọ ọjà náà, tí wọn ò mọ kòkó yàtọ̀ sí àgbàdo. Owó òyìnbó ni wọ́n ń wá. Wọ́n ra kòkó tútù, wọ́n kó èyí tó ti bu pọ̀ mọ́ èyí tó dára, orúkọ kòkó wa sì bàjẹ́ lókè òkun fún ìgbà díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó fà á dáadáa. Iṣẹ́ yíyẹ kòkó wò, tó jẹ́ iṣẹ́ ìjọba lóòótọ́, ni ìjọba kò ṣe dáadáa. Pé ọlọ́pàá ọjà sùn kò sọ pé kí ọlọ́pàá wá gba ìsọ̀ lọ́wọ́ onísọ̀.

Ní 2024, kòkó kọjá 10,000 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Àgbẹ̀ Oǹdó àti Ọ̀ṣun rí nínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní Ghana, níbi tí bọ́ọ̀dù ti ń dá iye, tiwọn kéré sí i gan-an, kòkó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú igbó kọjá. Ní 2025, ọjà yí padà, ó sì dun àwọn àgbẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gba èrè ọdún tó dára sápò ara wọn. Ẹni tó fi kọ́lé kọ́ ọ, ẹni tó fi pamọ́ mọ ibi tó fi í sí.

Ìdí tí mo fi ní kí a má dá bọ́ọ̀dù padà nìyẹn. Bí ìjọba bá fẹ́ ran olóko kòkó lọ́wọ́, iṣẹ́ pọ̀: títì tó dé oko, òògùn tí kì í ṣe ayédèrú, òfin tó ń mú àwọn olùrà tó bá gbìmọ̀ pọ̀, àti òṣùwọ̀n tí kì í parọ́. Oko kì í jẹ́ ti baba ti ọmọ kó má ní ààlà. Lẹ́nu òṣùwọ̀n ni ààlà ìjọba àti àgbẹ̀ wà. Kí ìjọba rí i pé ó wọn kòkó náà bó ṣe tọ́. Iye tí wọn ó tà á, kó fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹni tó gbìn ín.