Pupa tàbí Dúdú: Ohun tí Aṣọ Ọ̀fọ̀ Kumasi Ń Sọ

Ẹni tó bá ń ṣètò ìwé tàbí pósítà lóde òní kì í pẹ́ yan àwọ̀. Kọ̀ǹpútà á tò wọ́n kalẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹní pàtẹ ata, á tẹ ọ̀kan, bí kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, á tẹ òmíràn. Ojú ló fi ń yàn. Ṣùgbọ́n ní Kumasi, olú ìlú Asante, níbi tí mo ti ń gbé tí mo sì ti ń kọ̀wé, àwọ̀ méjì kan wà tí ojú nìkan kò lè yàn láàárín wọn: pupa àti dúdú. Àwọ̀ ọ̀fọ̀ ni àwọn méjèèjì. Àlejò tó bá wọ̀lú lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ tí òkò ìsìnkú ń dí títì, á rí wọn lára tọkùnrin tobìnrin, á sì rò pé èyí tó wu kálukú ló mú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ tí ènìyàn wọ̀ ń sọ ohun tí òkú náà jẹ́ sí i.

Àwọn Asante ní orúkọ fún aṣọ wọ̀nyí. Kobene ni wọ́n ń pe èyí tó pupa fòò. Birisi ni èyí tó dúdú. Láàárín wọn ni kuntunkuni wà, èyí tí wọ́n fi èèpo igi pa láró títí tó fi ṣú bí ilẹ̀ pupa tí òjò rin. Nínú àṣà tó gbilẹ̀ jù, àwọn tó sún mọ́ òkú tímọ́tímọ́ ni kobene tọ́ sí; ẹni tó wá bá wọn kẹ́dùn á wọ dúdú. Láyé àtijọ́, ẹbí òkú a tún máa fi amọ̀ pupa tí wọ́n ń pè ní ntwuma sàmì sí ara wọn. Bí òkú bá jẹ́ arúgbó tó gbó tó tọ́, funfun á wọ ọ̀rọ̀ náà, nítorí ọpẹ́ ti wọ inú ẹkún.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pupa ni àwọ̀ ẹni tó sún mọ́ òkú jù? Kò yẹ kí èyí ṣe ọmọ Yorùbá ní kàyéfì. Bí ìyà bá ń jẹ wá, à ń sọ pé ojú ń pọ́n wa. Ìpọ́njú tí à ń gbàdúrà kí Ọlọ́run mú kúrò lọ́nà wa, ojú tó pọ́n ni, ojú tó ti di pupa. Ohun kan náà ni Twi, èdè àwọn Asante, sọ: ani abere, ojú ti pọ́n. Òwe wọn kan, tó tún jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àmì adinkra, sọ pé ojú kì í pọ́n títí kó gbiná. Kobene nìyẹn: ojú tó pọ́n ni wọ́n gbé wọ̀ sọ́rùn. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò pọ́n, tó kàn bá ni dárò, kò ní ìdí láti gbé e wọ̀.

Ìtàn bí wọ́n ṣe ń rí àwọ̀ méjèèjì tún ya ara wọn sọ́tọ̀. Ilé ni dúdú ti wá. Ní Ntonso, ìlú tó wà lójú ọ̀nà Kumasi sí Mampong, wọ́n ṣì ń se omi dúdú tí wọ́n fi ń tẹ adinkra. Igi tí wọ́n ń pè ní badie ni wọ́n ń bó èèpo rẹ̀. Òun náà ni a ń pè ní ìrà ọ̀dàn, tí àwọn ìyá wa ń se èèpo rẹ̀ láti fi fọ ẹnu ọmọdé. Wọ́n á rẹ èèpo náà sómi, wọ́n á gún un lódó, wọ́n á sè é, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á tún fi ìdàrọ́ irin sí i, wọ́n á sì sè é lẹ́ẹ̀kan sí i títí á fi ki. Èèpo akèrègbè tí wọ́n gbẹ́ àmì sí ni wọ́n ń tì bọ̀ ọ́ láti fi tẹ aṣọ. Dúdú yìí kò dàbí dúdú ojú kọ̀ǹpútà rárá. Pupa wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bó sì ṣe ń gbẹ ló ń ṣú sí i.

Ó pẹ́ tó ti wà. Ní 1817, nígbà ayé ọba Osei Bonsu, Thomas Bowdich, ará Gẹ̀ẹ́sì kan, wá sí Kumasi láti Cape Coast, ó sì mú aṣọ adinkra kan lọ. Aṣọ náà wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí dòní. Ìtàn tí a sábà ń gbọ́ ni pé ogun tí Asante fi ṣẹ́gun Adinkra, ọba Gyaman, ní 1818 ló mú iṣẹ́ náà dé Kumasi. Aṣọ Bowdich fi ọdún kan ṣáájú ogun yẹn.

Òwú pupa ní tirẹ̀, ọ̀nà jíjìn ló gbà. Rømer, oníṣòwò ará Dẹ́ńmáàkì kan, kọ ọ́ sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1760 pé ọba Opoku Ware a máa ra aṣọ sẹ́dà aláràbarà láti etí òkun, àwọn ahunṣọ rẹ̀ á sì tú u ní fọ́nrán-fọ́nrán kí wọ́n lè rí òwú pupa, òwú àwọ̀ ojú ọ̀run àti àwọn mìíràn hun. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tiwa. Ẹtù tó dúdú, ewé elú ẹ̀yìnkùlé la fi ń pa á láró. Àlàárì ayé àtijọ́, sẹ́dà tó gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá la fi ń hun ún. Àwa náà, dúdú wà nítòsí, pupa ń ti òkèèrè bọ̀. Síbẹ̀, ọjọ́ ayẹyẹ la ń da àlàárì bora. Àwa àti Asante jọ ń sọ pé ojú pọ́n, a sì gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ lọ lórí aṣọ.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gba àwọn àtẹ tó kún íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́, àwọn tó ń sọ pé ní Áfíríkà, pupa túmọ̀ sí báyìí, dúdú túmọ̀ sí báyìí. Áfíríkà wo? Nínú àsíá Ghana tí Theodosia Okoh yà fún òmìnira ní 1957, pupa dúró fún àwọn tó jà fún òmìnira, ìràwọ̀ dúdú sì dúró fún òmìnira Áfíríkà. Àwọn àwọ̀ kan náà ló bo Kumasi ní January 2017, nígbà ìsìnkú Nana Afia Kobi Serwaa Ampem II, Asantehemaa, ìyá ọba tó wà lórí oyè. Kò sí ẹni tó ro òmìnira lọ́jọ́ yẹn.

Mo rí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe lágbára tó nínú iṣẹ́ kan tí ìdílé kan gbé fún mi. Bàbá wọn ló kú, wọ́n ní kí n kọ ìtàn ayé rẹ̀ sínú ìwé ìsìnkú. Kumasi ni wọ́n bí i sí ní 1960, ọmọ oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní November 1969 pé kí àjèjì tí kò níwèé kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn òbí rẹ̀ kó o lọ sílé. Ó dàgbà, ó padà wá, ó sì fẹ́ ọmọ Asante. Ẹni tó ń ṣètò ìwé náà gbé ẹ̀yìn ìwé méjì wá, ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú, ó ní kí wọ́n mú èyí tó bá dára lójú wọn.

Ìjíròrò náà gba ọjọ́ méjì. Lọ́dọ̀ Asante, ìdílé ìyá ni ọmọ ń bá lọ, abusua sì ni olókùú. Bàbá yìí kò ní abusua ní Kumasi. Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ sọ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé dúdú ló tọ́ sí àwọn. Ta ni yóò wá wọ pupa fún un? Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ló dáhùn: "Ṣé torí pé kò ní ẹbí níbí, kò wá ní ẹni tí ojú rẹ̀ pọ́n ni?" Gbogbo ilé dákẹ́. Wọ́n fi pupa ṣe ẹ̀yìn ìwé, torí àwọn ọmọ ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n fi dúdú ṣe pósítà tí wọ́n lẹ̀ sójú títì, torí gbogbo àdúgbò ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ìlànà tí mo fi ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Kí n tó béèrè èyí tó dára jù nínú àwọ̀ méjì, mo máa ń béèrè ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ sí i, àti ìlú tí wọn yóò ti kà á. Bí mo bá wá yan dúdú ní Kumasi, dúdú Ntonso ni mo ń sọ fún ayàwòrán pé kó wá, èyí tí pupa wà nísàlẹ̀ rẹ̀.