SAP méjì àti àwọn ilé-iṣẹ́ tó dákẹ́ ní Èkìtì

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ SAP létí ọmọ Nàìjíríà tó ti lé ní ogójì ọdún, ọdún 1986 ni ọkàn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ bá, nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé kalẹ̀. Ìnira rẹ̀ ló lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ọ̀dọ́ jáde sígboro ní oṣù Karùn-ún, ọdún 1989. Ṣùgbọ́n SAP mìíràn wà. Ọkùnrin márùn-ún tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ rí ní IBM ló dá a sílẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1972, láti máa ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé-iṣẹ́. Oníbàárà wọn àkọ́kọ́ ni ilé-iṣẹ́ ICI ní ìlú Östringen, níbi tí wọ́n ti ń ṣe òwú nylon. Àwa náà ní ilé-iṣẹ́ aṣọ tiwa ní Adó-Èkìtì. Ohun tó dé bá a ló mú mi gbé SAP méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ètò ìṣelọ́pọ̀ ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ẹ wo àwọn obìnrin amọ̀kòkò ní Ìsàn-Èkìtì. Wọn yóò wa amọ̀, wọn yóò gún un, wọn yóò rẹ ẹ́, wọn yóò mọ ọ́n, wọn yóò sì jẹ́ kó gbẹ kí iná tó kàn án. Ẹni tó bá fẹ́ kó ìkòkò dé ọjà lọ́jọ́ ọjà yóò ka ọjọ́ padà sẹ́yìn títí dé ọjọ́ tí ó yẹ kó wa amọ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò, yóò fi ọjọ́ mélòó kan kún un, nítorí ìkòkò tútù kì í fara da iná.

Kíka ọjọ́ padà sẹ́yìn yìí gan-an ni Joseph Orlicky, òṣìṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà, sọ di iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní nǹkan bí ọdún 1964, tó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1975. Ká ní kọ́ńtírátọ̀ kan fẹ́ 10,000 bíríkì ní ìparí oṣù. Kọ̀ǹpútà yóò bèèrè ohun tí bíríkì kọ̀ọ̀kan ń gbà, iye tó wà nílé ìkẹ́rùsí, àti iye ọjọ́ tí ohun tó kù yóò fi dé. Lẹ́yìn èyí ni yóò sọ ọjọ́ tó yẹ kí a wa amọ̀, ọjọ́ tó yẹ kí a ra epo, àti ọjọ́ tó yẹ kí a dá iná sí ààrò. Nígbà tí SAP ti Jámánì gbé R/3 jáde ní 1992, ìwé owó, ilé ìkẹ́rùsí àti iṣẹ́ ọwọ́ ti wà lójú kan náà.

Ní Èkìtì, orúkọ mẹ́ta ni àwọn àgbà sábà máa ń dá pọ̀: ilé-iṣẹ́ aṣọ ní Adó, ilé-iṣẹ́ bíríkì ní Ìrè, àti oko màlúù oníwàrà ní Ìkún. Gbogbo wọn ló ti wà ṣáájú kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, 1996. Bí ẹ bá béèrè ohun tó pa wọ́n, olè jíjà àti àìbìkítà ìjọba ni ìdáhùn tí ẹ ó gbọ́. N kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kì í sábà sọ.

Ìṣirò Orlicky dúró lórí pé a mọ iye ọjọ́ tí ohun tí a bèèrè fún yóò fi dé. Ní oṣù Kẹrin, 1982, ìjọba Alhaji Shehu Shagari fún ìkẹ́rùwọ̀lú lọ́rùn. Láti ìgbà náà, ilé-iṣẹ́ tó ń retí páàtì láti òkè òkun ní láti dúró de ìwé àṣẹ tí àwọn oníṣòwò ń pè ní impọ́ọ̀tì láísẹ́ńsì. Ta ló mọ ọjọ́ tí yóò jáde? Alákòóso tó gbọ́n jù lọ kò lè ka ọjọ́ padà láti ibi tí kò sí ọjọ́. Ní 1986, Babangida pa láísẹ́ńsì náà rẹ́, ọjọ́ wá ṣe é kà, ṣùgbọ́n owó ni kò ṣe é kà mọ́: náírà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá dọ́là dọ́gba ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà ti di bíi mẹ́rin sí dọ́là kan kí 1987 tó parí. Ilé-iṣẹ́ ọtí Iléṣà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978, la ìgbà náà já. Ọwọ́ àwọn ará òkèèrè ló bọ́ sí níkẹyìn.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ìsọjí ló kù. Ìjọba Dókítà Káyọ̀dé Fáyẹmí fa Promasidor, àwọn tó ń ta wàrà Cowbell, wọ oko Ìkún. Iṣẹ́ wàrà kì í gba ìdúró: lójoojúmọ́ ni a ń fún màlúù, wàrà tí kò bá rí ibi tútù yóò sì kan. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí a bá kéde pé a ra ẹ̀rọ tuntun tàbí ètò kọ̀ǹpútà fún ilé-iṣẹ́ kan, ìbéèrè tèmi ni pé ta ló ń kọ ìwé ilé ìkẹ́rùsí, tí ó ń kọ ọ́ lójoojúmọ́, tí ohun tó kọ sì bá ohun tó wà nílẹ̀ mu? Bí ìwé yẹn bá purọ́, irọ́ náà ni kọ̀ǹpútà yóò máa ṣírò, kíákíá ju ti ènìyàn lọ.

Ní ti Ìrè, abẹ́ ẹsẹ̀ wa ni amọ̀ wà. Kò gba àṣẹ ẹnikẹ́ni ní òkè òkun. Epo, iná mànàmáná àti páàtì ni ọjọ́ wọn kò tíì ṣe é kà.