Láti Muṣin Dé Ìbàfò: Ọjọ́ Tí Àwọn Ọmọ Bá Wa Kó Ẹrù

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ kó kúrò nínú yàrá méjì tí wọ́n háyà ní Muṣin, tí wọ́n gba Ìbàfò lọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn ọmọ wà ní họlidé nígbà náà. Wọ́n á ráyè bá wa di ẹrù, wọ́n á sì bá ẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sáà tuntun ní oṣù Kẹsàn-án. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n: Táyé tó jẹ́ ọkùnrin àti Kẹ́yìndé tó jẹ́ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, àti Ìdòwú, ọmọ ọdún márùn-ún.

Ọ̀rọ̀ náà kò bá àwọn ọmọ lójijì. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí Ìyá Ìbejì ti kó wọn jókòó, tó sọ ìdí tí wọ́n fi ń kó lọ, ohun tí wọ́n máa bá níbẹ̀, àti ohun tí wọn ò ní máa rí mọ́. Ìdòwú bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn, kò sì fi irọ́ tù ú nínú.

Aago 5:00 ìdájí

Kò síná. Ìyá Ìbejì ti gbé ìrẹsì kaná lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì, torí kò sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tí sítóófù á tún ríbi jókòó sí. Kẹ́yìndé jí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é, ó mú ìwé àjákọ kan lọ́wọ́. Inú rẹ̀ ló ti kọ ẹrù kọ̀ọ̀kan sí, láti orí àkọ́kọ́ dé orí ìkọkànlélọ́gbọ̀n.

Aago 6:30 àárọ̀

Táyé ń fi máákà kọ "kíṣìnì", "pálọ̀" àti "yàrá" sára páálí. Ìdòwú ní òun náà á kọ, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì mọ̀wé kọ tó bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ fún un ní máákà pupa, ó ní, "Ohun tó bá wà nínú rẹ̀ ni kó o yà sí i." Ó ya ṣíbí sára páálí abọ́, ó ya bẹ́ẹ̀dì sára àpò Ghana-must-go tí wọ́n kó aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì sí. Nígbà tó kan páálí ìwé bàbá rẹ̀, orí ńlá kan tó ní irùngbọ̀n ló yà.

"Ṣé bí mo ṣe rí nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá Ìbejì tú bẹ́ẹ̀dì méjèèjì palẹ̀. Kẹ́yìndé kó bóòtù ti bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ sínú ìbọ̀sẹ̀, ó ta á ní kókó, ó so ó mọ́ igi bẹ́ẹ̀dì náà, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ó na ìbọ̀sẹ̀ kejì sí bàbá rẹ̀. Bàbá ní kó fi òun sílẹ̀ jàre, òun mọ ibi tí òun kó tòun sí.

Aago 8:15

Ọkọ̀ akẹ́rù tí a ní kó dé ní aago méje ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú. Awakọ̀ ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tó fi ní owó tí a jọ sọ kò gbà mọ́. A ò lè pè é ní òpùrọ́. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé ìrànwọ́ owó orí epo ti dópin, lítà bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà ti lé ní 500 kí oṣù Keje tó parí, gbogbo nǹkan sì bá a gbéra. Wọ́n dúnàádúrà títí wọ́n fi pàdé láàárín.

Àwọn alábàárù méjì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé firíìjì àti jẹnẹrétọ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè: Ìyá Ìbejì ti pín iṣẹ́ bí ọwọ́ kálukú ṣe mọ. Ọmọ kankan ò gbọdọ̀ sún mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni Kẹ́yìndé dúró sí, tó ń fi bírò mú ẹrù kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń jáde. Kálukú wọn ló ní báàgì kékeré tí òun fúnra rẹ̀ á gbé, ohun tí kò fẹ́ kó jìnnà sí òun ló sì kó sínú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù Ìdòwú ò sí nínú tirẹ̀. Ó ti gbé e fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní yàrá kejì, kò sì sẹ́ni tó rán an.

Aago 10:00

Yàrá ti ṣófo. Àwọn ìbejì mú ìgbálẹ̀. Níbi tí wọ́dúróòbù wà tẹ́lẹ̀, Táyé fa sáńdà kan jáde, ẹsẹ̀ òsì, eruku bò ó. Òun àti Kẹ́yìndé wo ara wọn. Sáńdà Kérésì ni, èyí tó sọnù tí wọ́n fi ní ọmọ màmá alákàrà iwájú ilé ló jí i.

Ìyá wọn ò sọ púpọ̀. Ó kàn na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Táyé dọ̀bálẹ̀, Kẹ́yìndé kúnlẹ̀, sáńdà wà láàárín wọn. Màmá alákàrà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ yìí! Tẹ́ ẹ bá ti lọ láìgbálẹ̀ ńkọ́? Olè lọmọ mi ì bá máa jẹ́ títí ayé!" Ó wúre fún wọn pé ilé tuntun á tù wọ́n lára, ó sì di àkàrà gbígbóná fún wọn.

Aago 11:30

Bàbá Ìbejì bá awakọ̀ jókòó níwájú, àwa yòókù wọ mọ́tò mi. Táyé bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gun orí ẹrù. Ìyá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. A gba Òjòtá dé Bẹ́jà, a bọ́ sójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978, tí iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2013. Ní Kara, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dá wa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà màlúù. Ìdòwú ń ka màlúù lọ ní tirẹ̀, àfi bó ṣe bì sínú ọ̀rá tí ìyá rẹ̀ ti tọ́jú sílẹ̀ láti ilé. Lẹ́yìn odò Ògùn, a kọjá Arẹ́pò àti Mágbòrò.

Aago 1:50 ọ̀sán

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti ń dúró dè wá láti gbowó kí a tó já ẹrù. A san án.

Ìyá Ìbejì kì í jẹ́ kí wọ́n gbé ohunkóhun wọlé ṣáájú omi àti iyọ̀. Ó gbé omi fún Táyé, iyọ̀ fún Ìdòwú. Kẹ́yìndé ò bínú pé Táyé ló ń ṣíwájú. Ó ṣe tán, òun ni ẹ̀gbọ́n. "Èmi ni mo ní kó lọ wò ó bóyá ó dára," ló wí, gbogbo wa sì ṣe àmín sí àdúrà Ìyá Ìbejì tẹ̀ríntẹ̀rín.

Aago 2:30

Àṣé ọ̀kan nínú àwọn alábàárù ò mọ̀wé kà. Gbogbo ohun tí Táyé kọ sára páálí, òfo ni lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí ṣíbí, ó yà sí kíṣìnì; ó rí bẹ́ẹ̀dì, ó gba yàrá lọ. Nígbà tó rí orí onírùngbọ̀n, ó wo ojú Bàbá Ìbejì, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì gbé páálí náà kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni Ìdòwú ti di ọ̀gá. Ó dúró ní kọ́rídọ̀, ó ń nàka sọ́tùn-ún sósì, àwọn géńdé sì ń dá a lóhùn pé, "Ó ti yé wa, ọ̀gá."

Aago 4:00 ìrọ̀lẹ́

Bàbá Ìbejì fẹ́ kọ́kọ́ to pálọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní yàrá àwọn ọmọ ló kàn, kí ọmọ lè ní ibì kan tó mọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kẹ́yìndé tú ìbọ̀sẹ̀, bóòtù pé. Kò pẹ́ tí bẹ́ẹ̀dì fi dúró. Lẹ́yìn náà, ọmọ onílé kejì mú àwọn ìbejì lọ wo ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì àti omi inú ọ̀rá.

Aago 7:30 alẹ́

A jókòó sórí ẹní, a jẹ ìrẹsì òwúrọ̀. Ìdòwú ti yó kó tó béèrè pé, "Màmá, ìgbà wo la máa lọ sílé?" Ìyá rẹ̀ ní, "A ò lọ mọ́, ọkọ mi. Ṣé o rántí pé mo sọ fún ẹ?" Ó mi orí. Ó tún sunkún díẹ̀, ó sì bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Aago 9:00 alẹ́

Ó wá ku bẹ́ẹ̀dì àgbà. Bàbá Ìbejì wá bóòtù nínú àpò ṣòkòtò, nínú páálí irinṣẹ́, lábẹ́ ìjókòó mọ́tò mi. Kẹ́yìndé ṣí ìwé rẹ̀: ẹrù mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló dé pé. "Bóòtù tiyín ò sí nínú tèmi, Dádì. Ẹ ní ẹ mọ ibi tó wà."

Bàbá Ìbejì pe màmá alákàrà lórí fóònù. Ojú fèrèsé ni wọ́n wà ní Muṣin, ó ní òun ti rí wọn láti ọ̀sán. Òun àti ìyàwó rẹ̀ tẹ́ fóòmù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.